Orí Kẹrin: Iyè Mi Ò Sọ Sí I Mọ́

Ìyá kan wà tí mo máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjà Gbági tuntun, n'Íbàdàn. Nígbà kan, kò sí kalukulétọ̀ tó lè bá a du ìṣirò. Èèyàn á ra léèsì yáàdì márùn-ún, á mú àǹkárá yáàdì mẹ́fà lé e, á ná an títí ọjà á fi wọ̀. Kí onítọ̀hún tó ṣí pọ́ọ̀sì, iye tó máa san àti ṣéńjì tó máa gbà á ti jáde lẹ́nu ìyá yìí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo débẹ̀, mo bá a tó na ọ̀pá yáàdì lé aṣọ, tó kàn dúró tó ń wò ó. Ṣé mẹ́ta lòun ti wọ̀n ni àbí mẹ́rin? Ó tú u, ó tún un wọ̀n, ó tún dúró. Ó ní, “Kọ́sítọ́mà mi, ẹ má bínú. Iyè mi ò sọ sí i mọ́. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ki òwú sí mi lórí.”

Gbogbo ilé ló ti dá sí i. Àkọ́bí rẹ̀ ra ike oògùn kan tí wọ́n ya àwòrán ọpọlọ sí lára, lọ́wọ́ àwọn tó máa ń polówó nínú mọ́tò. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà wò, pé ẹni tí ọjà rẹ̀ ń tà tó báyẹn, ayé ò ní ṣàì fọwọ́ kàn án. Òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mu kọfí láàárọ̀ lọ́sàn-án. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè nípa yìnyín. Kúlà kan wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀ tí omi dídì inú ọ̀rá kún inú rẹ̀. Á fi òkúta fọ́ ọ, á máa rún un kàràkàrà bí ẹni ń jẹ guguru, láti àárọ̀ títí di ìgbà tó bá ń kó àtẹ. Èmi náà ń rí i. Mo rò pé ooru ló fà á.

Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀ ná.

Àwa kì í sábà sọ pé kùrukùru bo ọpọlọ ẹni, àmọ́ a ní ọ̀nà púpọ̀ tí a ń gbà sọ ohun kan náà: orí mi wúwo, ọkàn mi ò papọ̀, mo kàwé, kò wọlé, ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, kò jáde. Nínú ìwé yìí kùrukùru ni màá máa pè é, torí ó bá a mu. Tí ọyẹ́ bá mú kùrukùru wá láàárọ̀, kò wó ilé ẹnikẹ́ni. Ilé wà níbẹ̀, igi wà níbẹ̀, títì wà níbẹ̀. Ojú ni kò ríran jìnnà. Èyí ló fi yàtọ̀ sí ṣíṣarán, níbi tí ilé fúnra rẹ̀ ti ń yẹ̀ lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí kùrukùru bò ló máa ń kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ ké jáde. Ẹni tó ń ṣarán, àwọn ará ilé rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ fura. Ohun kejì ni pé kùrukùru kì í ṣe orúkọ àìsàn. Bí ara gbígbóná ló rí. Dókítà kì í tọ́jú ara gbígbóná kó má wádìí bóyá ibà ni, bóyá egbò inú ló ń dọ̀tí, bóyá ọ̀fìnkìn lásán ni.

Ilẹ̀ wa ní ìtàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ kan ọmọ ilẹ̀ Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ń wá bá oníṣègùn pẹ̀lú ẹjọ́ kan náà. Wọ́n ní orí ń gbóná, nǹkan ń rìn nínú rẹ̀ bí èèrà, ojú ń ṣú bí àwọn bá ti ṣí ìwé, ohun tí àwọn kà kì í sì í dúró. “Brain fag” ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń pè é, Prince sì gbà á lẹ́nu wọn. Lásìkò yẹn, ilé ìwòsàn Aro l'Ábẹ́òkúta ti ń lókìkí lábẹ́ Adéoyè Lámbò, ojú ayé sì wà lára ohun tí wọ́n bá kọ nípa orí àwa Yorùbá àtàwọn aládùúgbò wa. Orúkọ náà rìn jìnnà. Nígbà tó di 1994, ó ti wọ ìwé ńlá tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀, lára àwọn àìsàn tí wọ́n ní ó jẹ́ ti àwùjọ kan pàtó, ó sì di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní ìlú òyìnbó ń há sórí: ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ìwé kíkà máa ń dá àwọn ọmọ ilé ìwé lórí láàmú.

Ibi tó ti wá pa mí lẹ́rìn-ín rèé. Nígbà tí àwọn olùwádìí padà tú àwọn ìwé àtijọ́, wọ́n rí i pé àwọn ará Bìrìtìkó fúnra wọn ti ń sọ “brain fag” ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, fún àwọn tó ń fi ọpọlọ ṣiṣẹ́ àṣejù, tí wọ́n sì ń polówó oògùn rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ọkọ̀ òkun ló gbé orúkọ náà wá pẹ̀lú síléètì àti Bíbélì. Wọ́n gbàgbé rẹ̀ nílé, wọ́n wá bá a lọ́dọ̀ wa, wọ́n ní ti wa ni. Nínú àtẹ̀jáde ìwé ńlá àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn ti ọdún 2013, kò ní àyè tirẹ̀ mọ́.

Kí ló fà á nígbà náà? Prince tọ́ka sí irú ẹ̀kọ́ tí òyìnbó gbé wá: kí èèyàn dá nìkan jókòó ti ìwé, kí gbogbo ẹbí sì ti dáwó lé e lórí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mórákínyọ̀ n'Ílé-Ifẹ̀ wá tọ́ka sí ohun tó sún mọ́ ilé jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìháragàgà láti yege, àìsùn, àti àwọn nǹkan tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò kí oorun má baà kùn wọ́n. Èmi wà lẹ́yìn Mórákínyọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ki ẹsẹ̀ bọ abọ́ omi tútù ní aago méjì òru, tó ń jẹ obì nítorí ìdánwò ọ̀la, mọ̀ pé bí òun bá rí ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin tí kò yé òun, kò dìgbà tí wọ́n bá wá ìdí rẹ̀ dé inú àṣà. Orúkọ ńlá ni wọ́n fún un. Orí ibùsùn ni ìdí rẹ̀ wà.

Ọpọlọ àgbàlagbà kò ju bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ara lọ. Síbẹ̀ òun nìkan ń jẹ bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ara ń lò nígbà tí èèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́. Wọ̀bìà ni, kò sì ní àká. Iṣan itan lè tọ́jú ṣúgà pamọ́ de ọjọ́ eré, ṣùgbọ́n ní ti ọpọlọ, ohun tí ẹ̀jẹ̀ gbé dé ní ìṣẹ́jú yìí ló fi ń ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú yìí. Bí ẹrù inú ẹ̀jẹ̀ bá dínkù, tàbí tí nǹkan mìíràn bá gba àyè rẹ̀, tàbí tí ọpọlọ kò bá rí ìsinmi, iṣẹ́ tó gbà á lágbára jù ló máa ń kọ́kọ́ mẹ́hẹ: kíkó ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta sọ́kàn pọ̀, kí ọ̀kan má ré bọ́. A ó ní a gbàgbé. Lóòótọ́, púpọ̀ nínú ohun tí a ní a gbàgbé kò wọlé rárá. Ẹni tó ń fi èjìká gbé fóònù mọ́ etí nígbà tó ń gbé kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀ kò gbàgbé ibi tó gbé e sí. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ń gbé e.

Ní ti ìyá aláṣọ, nọ́ọ̀sì kan ló rí ìdí rẹ̀. Ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, ó sì mẹ́nu ba ti orí rẹ̀ bí ẹni ń ṣàwàdà. Nọ́ọ̀sì náà wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, ó ní, “Màmá, kí lẹ máa ń jẹ tí kì í ṣe oúnjẹ, tó ń wù yín jù?” Yìnyín ni. “Nǹkan oṣù yín ńkọ́?” Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń dé fún ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́sàn-án, tó jẹ́ pé páàdì nìkan ò gbà á, tó ń ká aṣọ lé e. Ó rò pé bí ara ṣe máa ń rí nìyẹn tí obìnrin bá ti lé ní ogójì ọdún. Wọ́n yẹ PCV rẹ̀ wò, àyẹ̀wò tó ń fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ pé lára: 23. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé máa ń ní 36 sókè. Sìkáànù fi hàn pé ìju wà nínú ilé ọmọ rẹ̀. Ìju ń da ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń gbé èròjà irin lọ, ara ò rí irin fi ṣe ohun pupa tó ń gbé ọ́síjìn, ìyá sì dúró ti ọ̀pá yáàdì kò mọ mẹ́ta yàtọ̀ sí mẹ́rin. Kí yìnyín máa wu èèyàn ṣáá jẹ́ àmì kan tí àwọn oníṣègùn mọ̀ mọ́ àìtó irin.

Irin tilẹ̀ lè lọ sílẹ̀ kí PCV tó sọ̀ kalẹ̀, kí ó sì ti máa rẹ èèyàn. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní ferritin ló ń fi ìyẹn hàn. Ṣùgbọ́n kí ọkùnrin, tàbí ìyá tó ti rí ìparí nǹkan oṣù, má kàn sáré ra oògùn ẹ̀jẹ̀. Bí irin bá tán lára irú wọn, ibì kan ló ń jò, ó sì lè jẹ́ inú: ọgbẹ́ ikùn tí oògùn ara ríro ojoojúmọ́ dá sílẹ̀, tàbí ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń rọ omi sínú gárawà tó ń jò ní láti wo ìdí gárawà.

Ọ̀rẹ́ mi kan ń gbé ní Mowé, ó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island. Aago mẹ́rin kù díẹ̀ ló ń jí, aago mẹ́wàá alẹ́ ló ń wọlé. Ó ní ó ti mọ́ òun lára. Ohun tí gbogbo àwọn tí oorun wọn kò tó máa ń sọ nìyẹn, mi ò sì bá wọn jà mọ́. Mo kàn ń sọ ìwádìí kan fún wọn. Lọ́dún 2003, Van Dongen àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University of Pennsylvania mú àwọn èèyàn tí ara wọn dá ṣáṣá, wọ́n jẹ́ kí àwọn kan sùn fún wákàtí mẹ́fà péré lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Nígbà tó fi máa parí, àṣìṣe wọn ti pọ̀ tó ti ẹni tí kò fojú ba oorun fún òru kan sí méjì. Èyí tó dẹ́rù bà mí nínú rẹ̀ ni pé wọ́n ní oorun kàn ń kùn wọ́n díẹ̀ ni. Ọpọlọ tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí ó ṣe rẹ̀ wọ́n tó, òun náà ti rẹ̀. Àgbàlagbà nílò wákàtí méje, ó kéré tán. Oorun àsùnpiyè ọjọ́ Àìkú dára, kì í san gbogbo gbèsè náà tán.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń sùn fún wákàtí mẹ́jọ, tí oorun náà kì í ṣe oorun. Ẹ bi aya wọn. Wọ́n á hanrun títí ògiri á fẹ́rẹ̀ẹ́ mì, ohùn á já wọn lọ́fun lójijì, yàrá á dákẹ́, ìyàwó á máa kà á lọ́kàn pé ṣé kò kú báyìí, kó tó mí kanlẹ̀ bí ẹni yọ lódò. Ọ̀nà ọ̀fun ló pa dé. Ọ́síjìn já wálẹ̀, ọpọlọ sì ta á jí fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́gbọ̀n ìgbà ní wákàtí kan. Irú wọn ló ń sùn nínú ìpàdé, ìfúnpá wọn sì lè má gbọ́ oògùn. Kí wọ́n fọn díẹ̀, kí wọ́n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sùn, kí wọ́n sì jáwọ́ nínú ọtí alẹ́ ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Àwọn mìíràn nílò ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú lóru.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ kò gùn, ṣùgbọ́n kí ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Gáàsì kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po tó ju igba lọ. Tó bá pọ̀, ó ń pa odidi ìdílé lójú oorun. Tó bá kéré, ẹ̀fọ́rí, èébì àti orí wúwowúwo ni wọ́n fi ń jí. Àmì tí mo máa ń sọ fún èèyàn ni pé kí wọ́n wò ó bóyá gbogbo ilé ló ń ṣe, àti bóyá ó ń lọ tí wọ́n bá ti jáde nílé fún wákàtí díẹ̀. Ìta ni kí jẹnẹrétọ̀ wà, jìnnà sí fèrèsé tiyín àti ti aládùúgbò. Fèrèsé tí ẹ ṣí kò sọ kọ́rídọ̀ di ìta.

Kùrukùru yìí ti kọjá lórí èmi náà rí. Kátá ọyẹ́ ló mú mi, ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò sì ka hóró kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè sínú pépà fún mi, ó ní kí n máa lo ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Kátá lọ, mi ò dá oògùn náà dúró, nítorí mo ń sùn dáadáa. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń wá ọ̀rọ̀ tì níwájú kọ̀ǹpútà. Mo dé ibi ìsọmọlórúkọ ọmọ ọ̀rẹ́ mi, mo dìde láti gbàdúrà, orúkọ ìyá ọmọ kò wá sí mi lẹ́nu, ìyá ọmọ tí mo wà nínú aṣọ ẹbí ìgbéyàwó rẹ̀! Àbúrò mi tó jẹ́ apòògùn ló wo pépà náà. Chlorpheniramine ni, ọ̀kan lára àwọn oògùn kátá àtijọ́ tó ń wọ inú ọpọlọ, tó sì ń dí ọ̀kan lára àwọn èròjà tí ọpọlọ fi ń rántí nǹkan lọ́wọ́. Èyí tí èèyàn lò lálẹ́ lè ṣì wà lára lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Mo jáwọ́, ojú mi sì là láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwọn oògùn mìíràn wà bẹ́ẹ̀: oògùn oorun, tramadol, àwọn oògùn kan fún ìtọ̀ tí kò ṣeé mú dúró. Metformin tí àwọn onítọ̀ ṣúgà ń lò ní tirẹ̀ kì í da ọpọlọ rú, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè mú fítámì B12 lọ sílẹ̀, àìtó B12 sì ń mú kùrukùru wá pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń ta ṣín-ín-ṣín-ín. Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí da oògùn tí dókítà kọ fún un nù. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá kan, títí kan àgbo, kí ẹ tú u síwájú dókítà.

Tàírọ́ọ̀dù, ohun tó dà bí labalábá níwájú ọrùn, lè dẹwọ́ iṣẹ́: òtútù á máa mú èèyàn nínú oòrùn, ìgbẹ́ á le, ara á máa sanra, ọ̀rọ̀ á máa pẹ́ kó tó yé e. Ìtọ̀ ṣúgà tí a kò tíì mọ̀ náà ń mú kùrukùru wá. Ìgbà tí nǹkan oṣù bá fẹ́ dáwọ́ dúró ń ṣe é, ní pàtàkì tí ooru òru kì í jẹ́ kí obìnrin sùn. Àwọn kan wà tí kòrónà ti lọ lára wọn tí kùrukùru rẹ̀ kò lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn pé àròsọ ni, kí wọ́n sì máa fi ìwọ̀nba ṣiṣẹ́, torí ẹni tó bá fipá lé e lè dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Èyí tí a kì í fẹ́ dárúkọ ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Lọ́dọ̀ wa, kì í sábà dé pẹ̀lú ẹkún. Orí ló ń gbà wọlé: orí gbígbóná, nǹkan tó ń rìn lágbárí, ìwé tí kò wọlé. Ẹ ka ẹjọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Prince yẹn padà. Ẹni tí owó ilé ìwé ọmọ àti owó ilé ń jà lọ́kàn rẹ̀ láti ìdájí ti ń fi ìdajì ọpọlọ ṣiṣẹ́ kó tó jáde nílé. Bí oúnjẹ kò bá wu èèyàn, tí ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò bá jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìyẹn ní ìtọ́jú, kì í sì í ṣe wèrè.

Ìbéèrè tó ń ṣí ìlẹ̀kùn jù ni: láti ìgbà wo? Ẹ ra ìwé kékeré kan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ aago tí ẹ sùn àti èyí tí ẹ jí, ohun tí ẹ jẹ, oògùn tí ẹ lò, bóyá jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ lóru, àti wákàtí tí orí wúwo jù. Tó bá wúwo láàárọ̀ tó ń fúyẹ́ bí ọjọ́ ṣe ń lọ, ẹ ronú oorun, èéfín àti oògùn alẹ́. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni, ẹ wo ṣúgà, ẹ wo ìwọ̀n òkèlè pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà kí ẹ mú ìwé náà lọ sí ọsibítù, kí wọ́n yẹ PCV, ṣúgà, ìfúnpá àti tàírọ́ọ̀dù wò, kí dókítà sì sọ èyí tó kù. Owó tí wọ́n fi ra ike oògùn aláwòrán ọpọlọ ti lè san díẹ̀ nínú wọn.

Àmọ́ èyí tó bá dé lójijì kò ní ìwé kékeré. Ẹnu tó yí, ọ̀rọ̀ tó lọ́, apá tó rọ, ẹ̀fọ́rí tó là bí àrá, ibà tí ẹni náà ń sọ kántankàntan lórí rẹ̀, tàbí ẹni tó fi orí gbálẹ̀ lórí ọ̀kadà lánàá tí oorun rẹ̀ kò ṣeé jí lónìí: ọsibítù ni, ní wákàtí kan náà.

Ìyá aláṣọ lo oògùn irin fún oṣù bíi mélòó kan, pẹ̀lú ọsàn, ó sì jáwọ́ nínú tíì lẹ́yìn oúnjẹ, torí tíì kì í jẹ́ kí ara gba irin dáadáa. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìju náà. Ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú nígbà tó ń lo oògùn, ẹ̀rù bà á, wọ́n ní bí oògùn náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Nígbà tí mo padà lọ, ọ̀rá ọjà ló kó sínú kúlà. Mo fẹ́ bi í léèrè bí orí ṣe rí, kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

“Kọ́sítọ́mà mi, ẹ jẹ mí ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà lórí àǹkárá aláwọ̀ ewé tí ẹ rà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá.”

Mo ti gbàgbé pátápátá.